Aṣọ là á kí, kí a tó kí ènìyàn

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, sá wọ abẹ́ tábìlì. Bàbá àgbàlagbà kan ló wọlé, ìtàgbè, aṣọ iyì àwọn àgbà Ìjẹ̀bú, léjìká, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọmọ ké pé, "Màmá àgbà, bàbá tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó ti dé!" Àwọn òbí rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Tíṣà ni bàbá yẹn, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Òun ló san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún bàbá ọmọ tó sá pamọ́ yẹn gan-an.

Aṣọ là á kí, kí a tó kí ènìyàn. Kí ẹnu tó sọ̀rọ̀, ẹ̀wù ti sọ tirẹ̀ tán. Ta ló wá kọ́ ọmọ kékeré pé kí ó máa sá fún aṣọ baba rẹ̀?

Fíìmù ni. Ẹni tó bá fẹ́ pànìyàn nínú fíìmù wa, wọ́n á wé ìtàgbè mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni wé síkáàfù. Gbogbo babaláwo, aṣọ pupa, tìróò tó kún ojú bí èédú ìdí ìkòkò. Pupa, ti Ṣàngó ni! Àwọn babaláwo tí mo bá nílé, funfun ni wọ́n ń wọ̀, ìdè Ifá lọ́rùn ọwọ́, ara wọn á mọ́ tónítóní.

Obìnrin ló ń hun ìtàgbè ní Ìjẹ̀bú, lórí òfì tó dúró ṣánṣán, kì í ṣe òfì gbọọrọ tí àwọn ọkùnrin ń lò ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n á hú ṣàkì jáde lára rẹ̀ bí irun àgùntàn, wọ́n á hun àwòrán ọ̀nì sí i. Àwọn Kalabari létí òkun ti ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ohun iyì. Òṣùgbó, Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó gbé ìtàgbè lé èjìká, ilédì, ilé ìpàdé wọn, ló ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ìlú láyé àtijọ́. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pàápàá kò lè dá ìlú ṣe láìsí wọn nígbà náà. Aṣọ adájọ́ ni ẹ wọ̀ fún apànìyàn yẹn.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àwa yìí kan náà là ń pariwo ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Ìjẹ̀bú, bá ń kọjá níwájú ọba nínú aṣọ òkè. Ilẹ̀ ṣú, a tan tẹlifíṣọ̀n, a sì jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ yẹn bú wa.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé báàgì aláwọ wọ àdúgbò wa. Ó ní báńkì tuntun ló rán òun. Ìyá onígààrí kan kó owó àjọ odidi ọdún kan lé e lọ́wọ́, kò béèrè ìwé kankan, nítorí máníjà inú fíìmù ló jọ. A ò rí i mọ́, a ò sì rí owó. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ojú tí a fi ń wo táì ni ó ta ìyá yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò aṣọ eré, ọ̀lẹ ń ṣe yín ni. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí Èkó. Ẹ wọ mọ́tò wá, ẹ bi ìyá tó ń hun ún léèrè ẹni tó ń lò ó, ọjọ́ tó ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rẹ́rìn-ín, ojú kò tì yín? Bàbá gbọ́ ẹ̀rín yín. Mo rí i bó ṣe rọra ká ìtàgbè rẹ̀ sínú àpò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mò ń mú ọmọ náà lọ sílé bàbá. Yóò kúnlẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan ṣàkì ara aṣọ náà. Àwọn òbí rẹ̀ ń bá wa lọ. Mo ti sọ fún wọn.