Dọ́là kan tó lé lórí owó ọkọ̀ bọ̀gìnnì

Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, àwa mélòó kan jókòó síta ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì délẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan tó ti Toronto wálé ní òun ò lè ra ọkọ̀ tuntun tó bá ju 100,000 dọ́là Kánádà lọ. Ó ní bó bá fi dọ́là kan péré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba á bu ìdá mẹ́wàá gbogbo owó ọkọ̀. Gbogbo wa ń bá a kẹ́dùn, èmi náà ò gbẹ́yìn.

Ìgbà tí mo wá ka òfin náà fúnra mi ni mo rí i pé ẹkún lásán la sun. Owó-orí tí Kánádà gbé lé ọkọ̀ bọ̀gìnnì ní oṣù Kẹsàn-án 2022 ní ìṣirò méjì: 10% gbogbo owó ọkọ̀, tàbí 20% ohun tó bá lé lórí 100,000. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni wọ́n ń gbà. Ká ní ọkọ̀ jẹ́ 110,000: ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 11,000, ti èkejì á jẹ́ 2,000. 2,000 lẹ máa san. Dọ́là kan tó ń ba Bọ̀ọ̀dá lẹ́rù ńkọ́? Sẹ́ńtì ogún ni owó-orí rẹ̀! Àfi kí ọkọ̀ tó 200,000, níbi tí 10% gbogbo owó ò ti ju ìṣirò kejì lọ mọ́, kí ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá tó jọ òótọ́. Ibi tó ti yẹ kéèyàn kùn ni pé wọ́n tún ń gba owó-orí ọjà lé owó-orí yìí lórí. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, 13% ni, 2,000 yẹn á sì di 2,260.

Nígbà tí Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1991, 10% ohun tó lé lórí 30,000 dọ́là ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ti gbogbo owó. Wọ́n ti pa á rẹ́ láti ìparí 2002.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe wa ti wá: èbúté Èkó ni. Níbẹ̀, owó ọkọ̀, owó tí wọ́n fi kó o wá àti owó adójútòfò ni aṣọ́bodè ń pa pọ̀ kó tó bu tirẹ̀. Ẹni tó ti fojú rí ìyẹn á rò pé báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìṣirò Kánádà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù o. Ìbátan mi kan, ọmọ Ṣágámù, ná ọkọ̀ epo bẹtiróò tuntun kan títí ó fi wálẹ̀ sí 39,500 pọ́ùn, kó má baà kan ààlà 40,000 tí wọ́n fi ń gba àfikún owó-orí ọkọ̀ lọ́dọọdún. Iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ni ìjọba ń wò níbẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ ná an sí. 40,600 ni wọ́n kọ. Láti ọdún kejì ló ti ń san àfikún, ọdún márùn-ún gbáko, iye kan náà tí ẹni tó ra ti 90,000 ń san.