Kì í ṣe Elias nìkan ló kó àwọn ọ̀dọ́ Orioles jọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ilé òfìfo ni Mike Elias bá nígbà tó di ọ̀gá tó ń kó eléré jọ fún Orioles, ẹgbẹ́ baseball ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, pé òun ló mú gbogbo ọ̀dọ́ tó jẹ́ kí wọ́n borí nínú eré 101 ní 2023 wá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ náà ti wó nígbà tí Elias gorí àga ní oṣù kọkànlá 2018. Eré 115 ni wọ́n pàdánù lọ́dún yẹn! Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá nílẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n ti yan Ryan Mountcastle àti Cedric Mullins nínú draft, ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ eléré ní ipele-ipele. Ipele kẹtàlá ni wọ́n ti mú Mullins, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò mọ́, òun náà ló sì wá lu home run (kí èèyàn lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá) 30, tó tún jí béèsì (kí èèyàn sáré gba béèsì tó kàn láìdúró kí ẹlòmíì lu bọ́ọ̀lù) 30, ní 2021. Kò sí ọmọ Orioles kankan tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Austin Hays, 2016. Grayson Rodriguez, oṣù kẹfà 2018, nígbà tí Dan Duquette, ẹni tí Elias gba ipò rẹ̀, ṣì wà lórí oyè. Dean Kremer sì wà lára àwọn tí Dodgers, ẹgbẹ́ Los Angeles, kó fún Orioles láti fi gba ìràwọ̀ wọn, Manny Machado, nígbà Duquette náà.

Elias ló yan Adley Rutschman àti Gunnar Henderson ní 2019. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mi ò ní fi dù ú. Ẹ má kàn gba ti Duquette fún un.