Olóyè Ń Bá Ajá Jẹun

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ajá yín ti gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹ kú oríire o. Mo kí àwọn tí tiwọn ṣì wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń san owó olùkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yín á yege. Nígbà tí a wà ní kékeré, ohun méjì péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ajá: kó mọ ilé olówó rẹ̀, kó sì mọ olè yàtọ̀ sí àlejò. Lóde òní, ajá ní olùkọ́, ó ní dókítà, ó ní ẹni tó ń gé èékánná fún un, ó ní ojú ewé lórí Instagram tí àwọn àgbàlagbà ti ń kí i kú ọjọ́ ìbí. Bí ọjọ́ ìbí tèmi ṣe kọjá lọ́dún yìí, àwọn tó yẹ kó rántí mọ ara wọn. Mi ò jowú o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ ajá kan ni mi ò lè gbé mì. Olóyè kan ń bẹ ní àdúgbò wa ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, ẹni iyì, ẹni tí géètì rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n ra ajá òyìnbó kan lówó gọbọi. Ajá dàgbà tán, ó wá ń wọ́ Olóyè káàkiri títì lójú gbogbo ayé. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe olùkọ́ ajá. Ọmọkùnrin náà dé tòun ti fèrè lọ́rùn, ó wo ajá, ó wo Olóyè, ó mi orí.

"Dádì, ajá yìí gbà pé òun ni baálé ilé yìí. Ẹ ní láti fi hàn án pé ẹ̀yin ni."

Báwo ni wọ́n ṣe máa fi hàn án? "Ẹ ó máa kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ rẹ̀ kó tó jẹ."

Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ajá ni Olóyè ń jẹ. Wọ́n á di bisikíìtì kan mọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ síbi abọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni pé inú abọ́ ni wọ́n ti bù ú, wọ́n á wá rún un kó dún ketekete. Wọn ò gbọdọ̀ wo ajá lójú. Wọn ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gbé e mì tán, wọ́n á gbé abọ́ kalẹ̀ fún ajá, wọ́n á sì kẹ́yìn sí i bí ọba ṣe ń kẹ́yìn sí ará ìlú. Mo dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí mo rí i. Agbádá ni Olóyè wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, abetí-ajá sì ni fìlà tí wọ́n dé. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Cabin ni bisikíìtì ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ó máa ń dún dáadáa. Dókítà Olóyè ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ṣúgà sí i, àtọ̀gbẹ ń ṣọ́ wọn. Wọ́n gbìyànjú kùlíkùlí, eyín Olóyè kọ̀. Wọ́n padà sí Cabin. Ìyẹn la rò pé ó parí, àfi ọjọ́ tí Olóyè wà níbi ìnáwó kan, lórí tábìlì iwájú láàárín àwọn àgbà ìlú, tí fóònù dún. Ìyáálé ni. "Dádì, ajá ò tíì jẹun o, ó kọ̀ láìrí yín." Wọ́n bá pe Olóyè lórí WhatsApp, èyí tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Nílé, ọmọ ọ̀dọ̀ gbé fóònù síwájú ajá. Lóde ìnáwó, Olóyè yẹ ẹran iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ bisikíìtì lápò agbádá (bisikíìtì ti ń gbé inú àpò agbádá!), wọ́n sì rún un sí fóònù. Àwọn onílù rò pé orin ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èmi ò mọ ohun tí ajá náà rò. Bí mo bá jẹ́ ajá, màá gbà pé ebi ń pa ọkùnrin yìí, kí wọ́n bá a wá nǹkan jẹ.

Ó yẹ ká mọ ibi tí ọgbọ́n pé ajá ń du ipò baálé yìí ti wá: ara ìkookò, ìbátan ajá, ni wọ́n ti mú un. Lọ́dún 1947, onímọ̀ ẹranko kan, Rudolf Schenkel, kọ̀wé nípa àwọn ìkookò tó wà nínú ọgbà ẹranko ìlú Basel ní Switzerland. Ìkookò tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n kó pọ̀ sójú kan, ni wọ́n bá ń jà, ẹni tó borí di ọ̀gá. Ta ni ò ní jà? Ẹ kó àjèjì mẹ́wàá sínú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ó rí ọ̀gá kí ilẹ̀ tó mọ́. David Mech, onímọ̀ ìkookò ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ìkookò yìí sínú ìwé tirẹ̀ ní 1970, ayé gbà á. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ ń wo ìkookò inú igbó ní erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, kí ló rí? Bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó ń du oyè. Ní 1999 ó kọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó tún bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó tan ọ̀rọ̀ ká ti yí ohùn padà tipẹ́. Àkóbọ̀ ò tíì gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ bi olùkọ́ yẹn pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù ni. Ó wo fídíò, ó dáhùn ìbéèrè, wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i, ó ti di onímọ̀ ìwà ajá. Èmi tí mò ń kọ èyí, olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ènìyàn ni mo kọ́. Mo kọ́ wọn ní ìjókòó, mo kọ́ wọn ní ìdúró, mo kọ́ wọn kí wọ́n má ṣe jára wọn jẹ, láìsí bisikíìtì. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Olùkọ́ ajá ń gba tirẹ̀ ní Àkóbọ̀, lówó tútù, kí ó tó jókòó. Owó ìfẹ̀yìntì tèmi, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún wa kọ́ ni mo lòdì sí. Nǹkan kékeré tó ń dún "kẹ́" lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ajá yẹn, tí wọ́n ń pè ní clicker, tí wọ́n fi ń sọ fún ajá pé ohun tó ṣe dáa, ó nítumọ̀. Irú ọgbọ́n yìí náà ni àwọn tó ń kọ́ dolphin inú òkun ń lò. Karen Pryor, olùkọ́ ẹranko ará Amẹ́ríkà, fi fèrè kọ́ wọn ní Hawaii ní àwọn ọdún 1960, torí ta ló fẹ́ fi okùn fa ẹranko òkun? Bí ajá bá ṣe dáadáa, jẹ́ kó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, fún un ní nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ó tán. Ṣé ìyẹn ló wá di ìmọ̀ tuntun? Bàbá bàbá mi ṣọdẹ. Ọmọ ajá á tẹ̀ lé àgbà ajá wọgbó, bí ẹran bá ṣubú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń gé ìfun fún un. Bí ó bá ṣìṣe, kò rí nǹkan gbà. Nínú àlọ́ ọdẹ tí gbogbo wa gbọ́, ajá mẹ́ta ni ọdẹ ní: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ọ̀gbálẹ̀gbárawé. Ọdẹ wà lókè igi, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé igi náà lulẹ̀ mọ́ ọn, ó pe orúkọ wọn, wọ́n já okùn nílé, wọ́n dé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọdẹ ti jẹ bisikíìtì.

Orúkọ náà tún ń dùn mí. Kòkànyín ni ajá ìyá àgbà wa ń jẹ́. Bí orogún wọn bá ti ń kọjá lójúde, ìyá àgbà á ké tantan: "Kòkànyín! Kòkànyín!" Ajá á dé, orogún á gbọ́, ilé á gbóná. Ajá ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Bruno ni ti Olóyè ń jẹ́. Ta ni Bruno ń bá wí?

Ṣé ẹ rí ẹgbà ọrùn tó ń gbé iná yẹn ńkọ́? Olùkọ́ kan náà ló kó o wá nígbà tí bisikíìtì ò ràn án. Bí ajá bá gbó, iná á gún un lọ́fun. Ìjọba Wales ti fòfin dè é láti 2010. Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á. Àdúgbò tí a kì í rí iná lò, ọrùn ajá nìkan ni iná ti ń ṣe déédéé.

Kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo bi Olóyè ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwé abẹ́rẹ́ ajá yìí dà? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n wo ìyàwó, ìyàwó wo ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ wo mẹ́gàádì. Mẹ́gàádì ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń já eégbọn létí rẹ̀, òun ló ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ní kí Bruno jókòó, ó ń jókòó, láìjẹ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò sanwó kíláàsì fún un, owó oṣù rẹ̀ gan-an ń pẹ́.

Ilé ìwòsàn ẹranko ń bẹ ní Mọ́kọ́lá, òmíràn ń bẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa tún un gbà fún un lọ́dọọdún. Láti 1885, tí Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, ti gún ọmọdé kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ni ayé ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Síbẹ̀, ìṣirò àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà sì ni wọ́n pọ̀ sí jù, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ lára èèyàn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú egbò, kí ẹ sì sáré lọ gbabẹ́rẹ́, ìyẹn ni ìmọ̀ tó yẹ kí ọmọ Olóyè mọ̀. Chocolate ló mọ̀, òun ló ń sọ sí ajá lẹ́nu, májèlé sì ni fún ajá. Ẹ lówó tí ẹ fi ń kọ́ ajá ní ọ̀wọ̀, ẹ ò lówó abẹ́rẹ́! Ta ni ẹ fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún yín bí ó bá gé ọmọ aládùúgbò jẹ?

Wọ́n mú káàdì wá lánàá. Lọ́jọ́ Sátidé, Bruno ń gboyè, ó ń wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́yege àti fìlà onígun mẹ́rin. Wọ́n ní aṣọ ẹbí wà, àwọ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n fi ìwé abẹ́rẹ́ hàn mí ná. Bí wọ́n bá mú un wá, màá ra fìlà. Aṣọ, mi ò rà.