Kí Ìjọba Gba Asbestos Ilé Wa Lọ́fẹ̀ẹ́

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ti asbestos, ohun oní-fọ́nrán tí wọ́n fi ń ṣe páànù òrùlé láyé àtijọ́, yàtọ̀. Òun ni ilẹ̀ tí ààtàn gbọ́dọ̀ kọ̀. Níbo wá ni kí onílé tó tú òrùlé àtijọ́ gbé e lọ? Níbi púpọ̀, wọ́n á ní kó wá àwọn tó níwèé àṣẹ, kó sanwó iṣẹ́ wọn, kó tún sanwó ilẹ̀ tí wọn yóò rì í mọ́. Owó náà kì í kéré. Ìdí nìyẹn tí páànù fi ń dúró de òru kó tó jáde nílé. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀bá odò tàbí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ó ti bá a, ó ti fọ́ yángá, ọmọdé sì ń fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré.

Páànù asbestos tí kò sán, tí ẹnikẹ́ni kò fi ayùn kàn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ó sàn ká fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Bí a bá gé e, tí a lù ú, tí a fọ́ ọ, ìgbà náà ni fọ́nrán rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀. Ó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún 20, ọdún 30, nígbà mìíràn ọdún 40, kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Àwọn ìyàwó wà tí wọn kò fọwọ́ kan asbestos rí láyé wọn; aṣọ iṣẹ́ ọkọ ni wọ́n ń fọ̀, eruku ara aṣọ náà ló pa wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí irú asbestos kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ, àti pé àwọn tó lé ní 200,000 ló ń kú lọ́dọọdún nípasẹ̀ èyí tí wọ́n fà símú lẹ́nu iṣẹ́.

A ò rí ìdí tí onílé yóò fi dá ru ẹrù yìí. Ìjọba ló fọwọ́ sí asbestos nígbà tí gbogbo ayé ń yìn ín pé iná kì í jó o, òun náà ló fi bo ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, wọ́n fòfin dè é: Iceland ní 1983, Bìrìtéènì ní 1999, Australia ní ìparí 2003. Òfin lé e kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ilé wà níbẹ̀. Póláńdì, tó fòfin dè é ní 1997, ṣètò pé kí gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọdún 2032 tó parí, owó ìjọba sì wà nínú ètò náà láti ran onílé lọ́wọ́. Ohun tí à ń wí nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní owó ará ìlú ni a fẹ́ ná. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ni wọ́n ń ná bí wọ́n bá ní láti ṣa àfọ́kù lẹ́bàá odò, kí wọ́n sì ha yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúrò, iye rẹ̀ sì ń pọ̀ ju ti páànù tí a dì wá lódindi. Agbaṣẹ́ṣe tó gbowó ìkódọ̀tí tó lọ dà á sínú igbó ni kí òfin fojú rẹ̀ rí màbo.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ yan ọjọ́ kan lóṣù, kí ọkọ̀ wá sí àdúgbò. Kí wọ́n ti fún onílé ní ọ̀rá nínípọn àti ìbòmú gidi ṣáájú, nítorí aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá fọ́nrán yìí dúró. Kí wọ́n kọ́ ọ pé kó fi omi rin páànù, kó má fọ́ ọ, kó má gbálẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ, kó dì í ní ìlọ́po méjì, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára. Èyí tó rọ̀ bí òwú, tí wọ́n fi ń wé páìpù, kí onílé má dán an wò rárá. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣe é. Kí ọkọ̀ náà gba bátìrì, gílóòbù oní-mẹ́kúrì, àṣẹ́kù ọ̀dà àti oògùn apakòkòrò pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ ilé ń dà sínú gọ́tà nítorí kò síbi tó gbà wọ́n.

Ẹni tó bá di tirẹ̀ dáadáa, tó gbé e wá lọ́sàn-án gangan, kò gbọ́dọ̀ san ohunkóhun, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bi í pé ta ló fi sórí ilé rẹ̀.