Ìbọn rédíò kọ́ ló gbé Ṣóyínká dé ẹ̀wọ̀n nígbà ogun

Kò sí ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóyínká lórí Facebook tí ẹnì kan ò ní wá sọ pé "ṣebí òun ló fìbọn gba rédíò n'Íbàdàn tí Gowon fi jù ú sẹ́wọ̀n nígbà ogun Biafra", láìkì á sì máa rọ́ wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pò pọ̀.

Ti rédíò yẹn, oṣù kẹwàá 1965 ni, ogun ò tíì sí, Balewa ló wà lórí oyè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò Western Region tán ni, wọ́n ní Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ ló wọlé, àwọn èèyàn ń pariwo òjóóró. Akíntọ́lá ti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun sílẹ̀ sínú téèpù, gbogbo ayé tan rédíò kalẹ̀ ń retí ẹ̀, àfi bí ẹnì kan ṣe gbébọn wọ stúdíò tó ní kí wọ́n yọ téèpù yẹn kí wọ́n fi tòun sí i, bí àwọn tó jókòó ti rédíò ṣe gbọ́ ohùn mìíràn tó ń ní kí Akíntọ́lá máa lọ nìyẹn. Wọ́n mú Ṣóyínká, wọ́n gbé e dé kóòtù, ó ní lọ́yà, ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ń takora, Adájọ́ Kayode Eso sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn náà. (Òun fúnra ẹ̀ padà sọ ọ́ nínú ìwé nígbà tó dàgbà pé òun ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti tán.)

Ogun ìjọba àpapọ̀ àti Biafra, tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ṣóyínká kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, ó sì tún gbéra ó lọ Enugu lọ bá Ojukwu, olórí Biafra. Àwọn kan ní torí pé ó fẹ́ Biafra ni, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀: ó ta ko ìyapa, ó ta ko ogun, torí náà kò sẹ́ni tínú ẹ̀ dùn sí i lápá ibì kankan. Ibẹ̀ ló ti rí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tó ń bá Biafra jagun, ìyẹn sì rán an níṣẹ́ sí Ọbásanjọ́ tó jẹ́ ọ̀gá sójà n'Íbàdàn nígbà náà. Mi ò ní parọ́, ìjọba tó wà lójú ogun á fura sírú iṣẹ́ yẹn, èmi náà á fura. Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn bá fura sí, ṣebí kóòtù ló yẹ kó gbé e lọ?

Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e dé kóòtù kankan. Dìkírì, ìyẹn òfin ìjọba ológun, fàyè gbà wọ́n láti ti èèyàn mọ́lé láìṣẹjọ́, bó ṣe lò ju ọdún méjì lọ nìyẹn, òun nìkan nínú yàrá ní Kàdúná fún èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò síwèé, kò sí bírò, ó ń ṣe íǹkì fúnra ẹ̀, ó ń kọ̀wé sórí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oṣù kẹwàá 1969 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ogun parí.

Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ tó níbọn nínú gan-an ló rí lọ́yà àti adájọ́. Ìjọba Gowon alára nígbà tí wọ́n máa ṣàlàyé fáráyé ìdí tí wọ́n fi mú un, wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ pé òun ń bá Ojukwu ṣiṣẹ́ (ó ní irọ́ ni, òun ò jẹ́wọ́ nǹkan kan). Ọ̀rọ̀ Ojukwu ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, wọn ò sọ ti rédíò.