Ẹni Tó Ní Òun Yóò Dáṣọ fún Ni

Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún la sábà máa ń pa òwe yìí fún, kó má baà gbọ́kàn lé ẹni tí kò ní. Èmi fẹ́ pa á fún ẹni tó ń ṣèlérí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ìwọ tí olùkọ́ bá ní kó o wá kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ọnà èdè inú ewì. Kó o tó gba ṣọ́ọ̀kì, wo ọrùn ara rẹ.

Èmi ò wo tèmi. Olùkọ́ wa pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọnà èdè tí yóò kọ́ àwọn tó kù. Àwọn kan gba ìfohunpènìyàn, àwọn kan gba àwítúnwí, àwọn kan gba àsọdùn. Àfiwé bọ́ sí tiwa lọ́wọ́, àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti tán. Ta ni kò mọ àfiwé? Nígbà tó kàn mí, mo kọ ọ́ sí pátákó gàdàgbà pé àfiwé tààrà ni kí a fi nǹkan kan wé òmíràn, kí a sì lo "bí" tàbí "dàbí". Gbogbo kíláàsì dà á kọ. Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kan lẹ́yìn pátápátá nawọ́ sókè.

"Ó ga bí bàbá rẹ̀," ó ní. "Ṣé àfiwé tààrà nìyẹn?"

"Bí" wà níbẹ̀. Ẹni méjì tí a fi wé ara wọn wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ sí pátákó ló pé sínú gbólóhùn yẹn, síbẹ̀ ara ń sọ fún mi pé kò sí ewì nínú rẹ̀. Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo jókòó.

Àṣé orúkọ aṣọ ni mo mọ̀, n kò ní aṣọ. Ẹni tó ní ọmọ ga bí bàbá rẹ̀ ń wọn ènìyàn pẹ̀lú ènìyàn ni. Bó bá gbé ọ̀pá ìwọ̀n wá, yóò rí i bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹni tó ní ọmọ ga bí ọ̀pẹ kò wọn nǹkan kan. Ó mú ohun méjì tí kì í ṣe irú kan náà, ó so wọ́n pọ̀, kí a lè rí ọmọ yẹn bí a kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àfiwé ti ń di ọnà. "Bí" kàn jẹ́ okùn tí a fi so wọ́n ni, okùn yẹn a sì máa ṣiṣẹ́ mìíràn: "mo rí i bó ṣe ń lọ", àfiwé wo ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà mí kí n tó lè sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí.

Mo rò pé èmi nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2002, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Yale, Leonid Rozenblit àti Frank Keil, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fún ara wọn ní máàkì lórí bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà tí síìpù, àgádágodo àti hẹlikọ́pítà ń gbà ṣiṣẹ́ tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ṣàlàyé tán, àwọn fúnra wọn ló dín máàkì wọn kù. Síìpù tí à ń fà lójoojúmọ́! Ohun tí ojú wa ti mọ́ là ń pè ní ohun tí a mọ̀. Nítorí náà, má dúró di ọjọ́ tí wàá wà níwájú kíláàsì. Wá ẹnì kan nílé, kódà kó jẹ́ àbúrò rẹ, kó o ṣàlàyé fún un láìwo ìwé. Ibi tó o bá ti ń sọ pé "ṣó o mọ̀, nǹkan yẹn", ibẹ̀ ni aṣọ ti ya.

Ẹnì kejì mi nínú ọ̀wọ́ ló yọ wá lọ́jọ́ náà. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni tirẹ̀, èyí tí a ti ń sọ̀rọ̀ ohun kan bí ẹni pé òmíràn ni, láìlo "bí" tàbí "dàbí". Kò kọ ìtumọ̀ kankan. Ohun tó kọ sí pátákó ni: Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ta ni kò mọ ìyẹn? Ó bèèrè pé, "Ẹsẹ̀ mélòó ni òwe ní?" Ẹ̀rín dá. Ó ní òwe kì í jẹ koríko, kò ní ìrù, kí ló dé tí wọ́n fi ní ẹṣin ni? Ọ̀rọ̀ wá ń jáde láti ibi gbogbo. Ẹnì kan ní torí pé ó ń gbé ni dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè gbé ni dé. Ẹlòmíràn ní ẹni tó wà lórí ẹṣin ń rí ọ̀ọ́kán ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wa tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló wá sọ èyí tí mi ò gbàgbé: ó ní ẹṣin a máa dá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn, bẹ́ẹ̀ ni òwe a máa dójú ti ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó ti pa á. Kò sí ìyẹn nínú ìwé wa. Ìgbà náà la tó gbọ́ apá kejì òwe tí a ti ń pa láti kékeré: bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan tó sọnù sí ọ̀nà jíjìn, orí ẹṣin là á wà láti wá a. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹnì kejì mi tó kọ "àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́" sábẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀, ọmọ ti dé kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Tèmi, mo ti sọ ọ́ lórúkọ, n kò rí ọmọ.

Ní èdè Gíríìkì, orúkọ tí wọ́n fún irú àfiwé yìí, metaphora, gbígbé nǹkan kúrò níbì kan lọ síbòmíràn ló túmọ̀ sí. Aristotle, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ pé mímọ̀ ọ́n lò ni ohun tó tóbi jù fún akéwì, àti pé òun gan-an ni ènìyàn kò lè kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo rò ó títí: kí wá ni à ń wá níwájú kíláàsì? Mo gbà pé bí a ṣe ń dá a mọ̀ là ń kọ́ ara wa. Bí a ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ kálukú.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí bá akéwì mu gan-an, kò bá ẹni tó ń kọ́ni mu. Àwọn tó kọ́ wa ní àwítúnwí, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fún wa. Wọ́n tú orúkọ náà palẹ̀, wí, tún wí, wọ́n jókòó. Ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ ọnà èdè Yorùbá hàn lára orúkọ náà. Àǹfààní wọn nìyẹn, ewu wọn náà nìyẹn. Gbogbo wa mi orí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí tí akéwì fi ń tún ọ̀rọ̀ wí, ṣé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀ ni? Ẹni tó ń sunkún, tó pe orúkọ ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìpè kẹta ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú àpẹẹrẹ kan bẹ́ẹ̀ ì bá tó wa. Orí tí à ń mì ló tàn wọ́n jẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó o bá ń kọ́ni, ojú ni kó o máa wò, fi orí sílẹ̀.

Àwọn tó gba ìfohunpènìyàn ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Wọ́n fún wa ní "afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ pa ewé lórí", ó dùn mọ́ wa. Ẹnì kan wá bi wọ́n pé "ìjì ń gbó" ńkọ́? Ajá ló ń gbó, ènìyàn kì í gbó. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní, "A ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní orúkọ ọnà náà ń béèrè ènìyàn, nítorí náà ìjì tó ń gbó, ọ̀dọ̀ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni kó lọ sùn. Ojú tì mí. Èmi tí mo fi ẹ̀rín bo tèmi ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tó jókòó. Ní 1971, ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọmọ aláwọ̀ funfun àti ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ tí ìjà kò sì tán láàárín wọn, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn kan, Elliot Aronson, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan ẹ̀kọ́ mú dání, débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ gbogbo rẹ̀ láìgbọ́ ti ẹnu àwọn tó kù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní kíláàsì tiwa, ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá, oorun ló kàn. Àwa méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n bi ní ìbéèrè ni ọnà èdè wa yé jù, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò sùn.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí á kọ ohun tí a rí kọ́ nínú iṣẹ́ náà, "mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀" ló kún inú ìwé. Má kọ ìyẹn. Kọ ìbéèrè tó o kò lè dáhùn, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe bi ọ́. Bí ẹṣin bá sì dá ni, à á tún un gùn: kọ ohun tí wàá ṣe bí wọ́n bá tún pè ọ́. Tèmi rèé. Gbólóhùn méjì ni n ó kọ sí pátákó, "ó ga bí bàbá rẹ̀", "ó ga bí ọ̀pẹ", n ó sì dákẹ́, kí wọ́n máa jiyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo pàdé ọ̀rẹ́ wa ọjọ́ yẹn lọ́nà, mo bi í pé níbo ló ti rí irú ìbéèrè tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ni," ó ní. "Mo rò pé ìwọ mọ̀ ọ́n."