Èsì wa sí oníbàárà tó ra ìwúkàrà oníyẹ̀fun fún àgùntàn rẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, oníbàárà wa, ẹ kú ìtọ́jú ẹran. A ka ohun tí ẹ kọ, a sì rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní ọjọ́ márùn-ún gbáko lẹ fi ń po ìyẹ̀fun wa mọ́ omi gbígbóná kó lè yọ́ dáadáa, síbẹ̀ àgùntàn mẹ́ta tó já wọ ibi tí ẹ kó àgbàdo sí ṣì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó kéré jù kò sì jẹun láti àná. Ó dùn wá gan-an.

Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ló wà nínú ike yẹn. Ìwúkàrà náà ń sùn ni, omi ló ń jí i, àmọ́ omi tó gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, pípa ló ń pa á. A kọ ọ́ sára ike, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn la kọ ọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré jù. A ti ń gbé e bọ̀ síwájú. Ike mìíràn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi pò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é. Tí àgùntàn bá jẹ àgbàdo yó lójijì, inú ṣàkì rẹ̀ á kan gógó. Ìwọ̀n pH ibẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó (bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i), tó máa ń wà láàárín 6 sí 7 lè já wálẹ̀ kọjá 5.5, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a da koríko á sì máa kú. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìhà òsì èyí tó kéré yẹn, lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn. Tí ara bá dá, ṣàkì á máa ti ọwọ́ yín bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, tí kò sì jẹ àpọ̀jẹ, dókítà ẹran ni kí ẹ pè lónìí. Ìyẹ̀fun wa ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ kó àgbàdo kúrò níwájú gbogbo wọn, koríko gbígbẹ àti omi mímọ́ ni kí ẹ fún wọn.

Ẹ ṣí ìpénpéjú wọn wò pẹ̀lú. Tó bá funfun, ó lè jẹ́ aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ìwúkàrà kì í pa aràn.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè lo ìwúkàrà wa pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lè fa àìsàn. Ẹ lè lò ó: ìwúkàrà kì í ṣe bakitéríà, oògùn bakitéríà kò ní pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí èyí tó kéré yẹn ṣe ń ṣe sí.